Ẹ fẹ́ gbé fíìmù kúrò lórí díìsìkì? Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí sọ́fítíwíà yóò fi subtitle ṣe

Etí màámi kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Tí wọ́n bá ń wo fíìmù, subtitle, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀, ni wọ́n ń kà tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo fẹ́ kó àwọn DVD wọn sínú kọ̀ǹpútà, mo ra sọ́fítíwíà kan tí wọ́n ní kò sí ohun tí kò lè ṣe. Àwòrán rẹ̀ dán, ohùn rẹ̀ já gaara. Fíìmù 11 ni mo ti yí padà kí wọ́n tó jókòó síwájú rẹ̀, tí wọ́n sì bi mí pé, "Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà?" Kò sí nínú ẹyọ kan. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé subtitle ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n nínú ìfiwéra MakeMKV, HandBrake àti àwọn sọ́fítíwíà olówó yìí.

Àwòrán ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ kí wọ́n tó náwó ni pé subtitle orí DVD kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀. Àwòrán ni. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ àwòrán kékeré tí àwọ̀ rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Ẹ̀rọ á gbé e lé orí fíìmù nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó, á sì gbé e kúrò. VobSub ni àwọn sọ́fítíwíà ń pè é, DVD kan sì lè gba oríṣi 32. Ti Blu-ray, tí wọ́n ń pè ní PGS, àwòrán lòun náà, ó kàn mọ́ ju ti DVD lọ ni. SRT ló yàtọ̀. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni: nọ́ńbà, ìgbà tí gbólóhùn bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ló bí gbogbo wàhálà. Lẹ́tà SRT ṣeé sọ di ńlá fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ó sì ṣeé pa láwọ̀ dà. Lẹ́tà tó wà nínú àwòrán kò rí bẹ́ẹ̀. MP4, irú fáìlì fíìmù tí fóònù fẹ́ràn jù, ń gba subtitle tó jẹ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í gba PGS. MKV, irú fáìlì fíìmù mìíràn, ń gba gbogbo rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ló ń ṣí MKV. Nítorí náà ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kí ẹ fi àwòrán náà sílẹ̀ bó ṣe wà nínú MKV, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíìmù títí láé, tàbí kí kọ̀ǹpútà ka àwòrán náà, kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde bí ọ̀rọ̀.

| | MakeMKV | HandBrake | Sọ́fítíwíà olówó |
|---|---|---|---|
| Owó | Ọ̀fẹ́ fún DVD. Blu-ray ní ìdánwò ọjọ́ 30, lẹ́yìn náà ẹ ó sanwó lẹ́ẹ̀kan | Ọ̀fẹ́ | Ọdọọdún, tàbí lẹ́ẹ̀kan |
| Díìsìkì tí wọ́n tì pa | Ó ń ṣí i | Kì í ṣí i | Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣí i |
| Subtitle àwòrán | Ó ń kó gbogbo rẹ̀ | Sínú MKV, tàbí kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíìmù | Kálukú ní tirẹ̀ |
| Sísọ àwòrán di ọ̀rọ̀ | Rárá | Rárá | Díẹ̀ nínú wọn |
| Ìwọ̀n fáìlì | Bíi ti díìsìkì | Ó kéré gan-an | Ó kéré |

MakeMKV

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Kì í fún fíìmù pọ̀ rárá: bó ṣe bá àwòrán, ohùn àti subtitle lórí díìsìkì ló ṣe ń kó wọn jáde, kìkì èdè tí ẹ bá mú àmì sí. Kò pẹ́ ju àkókò tó máa gbà láti ka díìsìkì lọ. Ohun tí ẹ ó fi san án ni ààyè. DVD tó ní ìpele méjì lè gba 8.5 GB, Blu-ray tó ní ìpele méjì lè gba 50 GB, fáìlì yín á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó bẹ́ẹ̀. Nítorí pé sọ́fítíwíà náà ṣì wà ní beta, ìyẹn ni pé wọ́n ṣì ń dán an wò, olùṣe rẹ̀ máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ ọ̀fẹ́ onígbà díẹ̀ síta fún Blu-ray. Ẹ lò ó dáadáa kí ẹ tó pinnu láti rà á.

HandBrake

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ fíìmù di kékeré. Fún DVD, àwọn tó ṣe é dámọ̀ràn RF, ìyẹn nọ́ńbà tó ń pinnu bí àwòrán ṣe máa dára tó, 18 sí 22. Fún Blu-ray 1080p, 20 sí 24. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni àwòrán ṣe ń dára tó, tí fáìlì sì ń tóbi. Kì í ṣí díìsìkì tí wọ́n tì pa, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ́kọ́ lo MakeMKV, tí wọ́n á wá gbé MKV náà fún HandBrake.

Ibi tó ti ń mú èèyàn ni ojú ewé subtitle rẹ̀. Ẹ ó rí ohun kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Foreign Audio Scan. Ẹlòmíì á rí i, á rò pé subtitle ti wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ibi kéékèèké tí òṣèré ti sọ èdè àjèjì nìkan ló ń wá. Tí ẹ bá fẹ́ subtitle láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ fi ọwọ́ ara yín yan èdè náà kún un. Àmì Burned In ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù: ó ń lẹ subtitle mọ́ fíìmù, ẹyọ kan péré ló sì lè lẹ̀. Tí ẹ bá lẹ èdè tí kò yẹ, kò sí ohun tó lè bọ́ ọ kúrò mọ́. Fún PGS inú MP4, lílẹ̀ yìí nìkan ló wà.

Ohun rere kan tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ DVD tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ní Closed Caption, tí wọ́n kọ fún àwọn tí etí wọn kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ gidi lèyí, HandBrake sì lè yọ ọ́ bí ọ̀rọ̀. Ẹ wá a kí ẹ tó ṣe ìyọnu kankan.

Sọ́fítíwíà olówó

Ìrọ̀rùn ni wọ́n ń tà: bọ́tìnnì kan, fíìmù á jáde. Tí díìsìkì yín bá pọ̀, tí ẹ kò sì fẹ́ kọ́ sọ́fítíwíà mẹ́ta, owó náà lè tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nínú ìkéde wọn, "ó ń ṣe subtitle" lè túmọ̀ sí pé ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíìmù nìkan. Ẹ béèrè bóyá ó ń yọ SRT sọ́tọ̀, bóyá ó lè kó ju èdè kan lọ, àti bóyá ọdọọdún lẹ ó máa sanwó. Ìdánwò ọ̀fẹ́ sábà máa ń mọ sí ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí náà díìsìkì tí òṣèré ti ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ fi dán an wò. Lórí tẹlifíṣọ̀n tí ẹ máa lò gan-an ni kí ẹ ti wo èsì rẹ̀, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà nìkan.

Sísọ àwòrán di SRT

Subtitle Edit ni mo ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí MKV tàbí VobSub nínú rẹ̀, á lo Tesseract, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán, láti ka àwòrán kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe máa ń wà: ó ń fi I pe l, ó ń fi "rn" pe "m". Fíìmù tó kún fún ọ̀rọ̀ lè ní gbólóhùn tó lé ní 1,000, ẹ gbọ́dọ̀ kà á yẹ̀ wò. Èdè tó ní àmì lórí lẹ́tà nílò dátà èdè náà, kí ẹ sì fi UTF-8, ọ̀nà ìtọ́jú ọ̀rọ̀ tó ń gba irú àmì bẹ́ẹ̀, tọ́jú fáìlì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn àmì náà á dà rú.

Ẹlòmíì á ní kí á kàn wa SRT sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ wo bí fíìmù yín ṣe ń yára tó. DVD PAL, irú tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, ń sá ní àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fíìmù gangan sì ń sá ní 24. Fíìmù wákàtí méjì á parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 115 lórí PAL. SRT tí wọ́n ṣe fún ẹ̀yà tó ń sá ní 24 á bá a mu níbẹ̀rẹ̀, á sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́yìn ní òpin. Subtitle Edit lè tún un ṣe tí ẹ bá yí ìyára yìí padà.

Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ tó ń ka díìsìkì

Ẹ̀rọ DVD kò lè ka Blu-ray, nítorí iná lésà wọn yàtọ̀ síra. Ti 4K, ìyẹn Blu-ray tí àwòrán rẹ̀ mọ́ jù, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ẹ̀rọ kan pàtó ni MakeMKV lè bá ṣiṣẹ́, ẹ wá orúkọ ẹ̀rọ náà kí ẹ tó sanwó. Òfin náà kò dọ́gba níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, òfin DMCA ti 1998 lòdì sí ṣíṣí àgádágodo orí díìsìkì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fàyè gba ẹ̀dà fún ìlò ara ẹni ní 2014, ilé ẹjọ́ sì fagi lé e ní 2015.

Èyí tí màá yàn

Tí ààyè bá pọ̀, tí tẹlifíṣọ̀n yín sì ń ṣí MKV, MakeMKV nìkan tó. Tí ẹ bá fẹ́ wò ó lórí fóònù, ẹ fi HandBrake kún un. Tí ẹ bá ń lo Plex tàbí Jellyfin, àwọn sọ́fítíwíà tó ń sọ kọ̀ǹpútà di sáfà tó ń fi fíìmù ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù, ẹ gbìyànjú láti ní SRT, nítorí subtitle àwòrán sábà máa ń mú kí sáfà náà tún fíìmù ṣe lójú ẹsẹ̀, èyí tó ń ni kọ̀ǹpútà lára. Ti màámi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo lò: MakeMKV, Subtitle Edit, HandBrake. Mo fún SRT ní orúkọ kan náà pẹ̀lú fíìmù, mo fi wọ́n sínú fódà kan náà, tẹlifíṣọ̀n wọn rí i fúnra rẹ̀, mo sì sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá.