Àwọn agbaṣẹ́ṣe tó tún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe ní Òmù-Àrán: ẹ gbọ́ kẹ́ ẹ tó gbé iṣẹ́ fún wọn

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò tún iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yín ṣe, tí ẹ kò sì mọ̀ bóyá kí ẹ pe agbaṣẹ́ṣe láti Ìlọrin tàbí kí ẹ lo bíríkìlà àdúgbò, ẹ fara balẹ̀ kà á. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé tó gbé iṣẹ́ fún àwọn ará Ìlọrin yìí. N kò ní dárúkọ wọn, torí ọwọ́ wọn mọ́ lára iṣẹ́, àmọ́ mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò.

Àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà níwájú wa tẹ́lẹ̀, kò sí irin ìdìmú, kò sí ìloro, apá kan ṣoṣo la sì ń ṣí lára ìlẹ̀kùn irin. Bí òjò bá dé, ẹni tó bá pẹ́ yóò rin gbingbin kó tó wọlé. Èjìká àwọn ọ̀dọ́ ni àwọn ìyá àgbà ń dì mú gòkè. Ìlẹ̀kùn mìíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àlejò kì í mọ èwo ni kí òun gbà. Ọ̀rọ̀ àlejò yìí kì í ṣe kékeré nílẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí Àlàájì àti díákónì ti ń jáde láti ilé kan náà. Bí a bá ń ṣe ìgbéyàwó tàbí tí a ń sin òkú àgbà, ọ̀pọ̀ nínú èrò lè jẹ́ àna àti mọ̀lẹ́bí tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Abẹ́ igi ni irú wọn máa ń dúró sí títí ẹnì kan yóò fi wá mú wọn wọlé.

Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a ní kí wọ́n ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ló fa wàhálà jù. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dà ga bí òrùlé. Ọ̀gá wọn ní bí òun ṣe ń ṣe é káàkiri nìyẹn. Ìwọ̀n tó yẹ kò sì ṣòro: bí gíga bá jẹ́ 1, kí gígùn jẹ́ 12. Àtẹ̀gùn wa ga tó sẹ̀ǹtímítà 60, nítorí náà ọ̀nà yẹn gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 7.2, ó kéré tán. Mítà 3 péré ni wọ́n ṣe. A ní kí ọ̀dọ́ kan ti kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara gòkè níṣojú ọ̀gá, kẹ̀kẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ jókòó lé, òógùn bò ó. A ní kí wọ́n fọ́ ọ. Wọ́n bínú, wọ́n fọ́ ọ. Ilẹ̀ kò gùn tó títí dé gèètì, ni wọ́n bá ṣẹ́ ẹ sí méjì: ó gba ọ̀tún lọ, ó dé pèpéle tí kẹ̀kẹ́ ti lè yí, ó padà sósì. Irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Wẹ́dà wọn mọṣẹ́, ká má purọ́.

Ẹni tó bá ní àṣejù ni, ẹ rán an létí òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ọdún 5 ni wọ́n yọ̀ǹda láti fi tún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń lò ṣe, ó sì ti pé láti 2024.

Ìlẹ̀kùn dá ìjà sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀: àwọn kan fẹ́ kó ní dígí. Lẹ́yìn ìkọlù tó ṣẹlẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Eruku, ní Kwara wa níbí, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n sì kó èèyàn lọ, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ dígí? Àwọn alàgbà kan ní ká kúkú mọ odi. Agbaṣẹ́ṣe yìí ló là wá lóye: kí ìlẹ̀kùn jẹ́ alápá méjì, kí méjèèjì máa ṣí síta, ká má sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ nígbà ìsìn. Ìlẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, èrò tó ń sá ló máa ń fara tì í pa. Dígí wà lókè rẹ̀. Ẹni tó wà nínú ń rí ẹni tó ń bọ̀, ẹni tó pẹ́ náà ń rí bóyá àdúrà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́. Lásìkò ọyẹ́, ẹ wá ẹni tí yóò máa nù ún.

Táìlì ni kí ẹ má gbà fún wọn. Èyí tó ń dán ni wọ́n tẹ́ sí ìloro, wọ́n ní ó gbayì. Òjò àkọ́kọ́ ló ti gbé díákónì kan ṣubú. Níbi ìgbéyàwó tó tẹ̀ lé e, àwọn àna tó jẹ́ Mùsùlùmí rí bó ṣe ń kọ mànà, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́ tí àwọn ará ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ tiwọn. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ bàtà dí ọ̀nà pa. Èyí tí ojú rẹ̀ rí ṣákiṣàki, tí wọ́n ń tẹ́ síta, ni kí ẹ béèrè fún.

Owó iṣẹ́ nìkan la bá wọn dá, àwa la ra sìmẹ́ǹtì, irin àti páànù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Àdéhùn àkókò ni wọn kì í pa mọ́: wọ́n á ní ọ̀la, ẹ ó wá gbọ́ pé wọ́n wà níbi iṣẹ́ mìíràn l'Ọ́fà.

Bí iṣẹ́ irin àti ìlẹ̀kùn bá tún délẹ̀, àwọn náà ni n ó pè. Fún táìlì, n ó wá ẹlòmíràn. Wọn kò sì tíì so gọ́tà mọ́ etí páànù ìloro. Orí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn gan-an ni omi ń dà sí. Owó ìkẹyìn wọn ṣì wà lọ́wọ́ akápò wa títí wọn yóò fi wá so ó.