Fámásì àdúgbò wa, oògùn hay fever tó mú mi sùn kọjá ibi iṣẹ́, àti súpíréè imú tí mi ò mọ̀ ọ́n lò

Ìbínú ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí ní June 2024, ọjọ́ kejì tí mo sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì. Mo kọ ọ́ dé ìdajì, mo pa á tì, ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí i, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí i pé ohùn mi yí padà níbì kan. Mi ò pa apá àkọ́kọ́ rẹ́ torí bó ṣe ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn. Mi ò sì ní dárúkọ fámásì yẹn. Hay fever tí mò ń sọ ni àìsàn tí lẹ́búlẹ́bú igi àti koríko ń fà, tó ń mú kí imú máa ṣàn kí ojú sì máa yún èèyàn.

Ìbàdàn ni mo ti wá, 2022 ni mo dé London, Thamesmead ni mò ń gbé, iṣẹ́ kíà ni mò ń ṣe, ilé àwọn àgbàlagbà ni mo máa ń lọ láàárọ̀ láti wẹ̀ fún wọn kí n sì fún wọn lóúnjẹ àti oògùn. Nílé, ohun tó ń mú mi sín ò ju eruku ọyẹ́ lọ, tí ọyẹ́ bá ti lọ, ó parí nìyẹn. Ọdún àkọ́kọ́ níbí, kò sí nǹkan kan. Ọdún kejì, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi ní June, mo rò pé ọṣẹ ni, mo pààrọ̀ ọṣẹ. Ọdún kẹta ni wàhálà gan-an dé. Imú ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ, àjà ẹnu ń yún mi débi pé ahọ́n ni mo fi ń họ ọ́, ojú wú, tó bá di òru imú á dí pa, ẹnu ni mo fi ń mí títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Màámi ní otútù ni, wọ́n ní kí n da aṣọ borí kí n fa ooru omi gbígbóná. Mo ní Mà, oòrùn ló wà níta níbí o, wọ́n ní oòrùn òyìnbó ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Mo fa ooru náà, ó dẹ̀ fún wákàtí kan, ó tún padà.

Ẹni tó bá mọ Thamesmead mọ̀ pé koríko pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ àbàtà ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó bá ti di àárín May koríko á ti ga tó orúnkún, á máa yọ orí. Nínú orí koríko yẹn ni lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń pè ní pollen ti ń fò jáde. Igi ló ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, láti ìparí March, koríko á wá gbà á láti àárín May títí wọ July, Met Office, àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí ní UK, sì sọ pé nínú èèyàn 100 tó ní hay fever, nǹkan bí 95 ló jẹ́ pé ti koríko ń dà wọ́n láàmú. Mi ò mọ ìkankan nínú èyí nígbà yẹn. Ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé mi ò lè ṣiṣẹ́ mi bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ Fúráìdeè kan, àwọn tó ń gé koríko fún káńsù gbé ẹ̀rọ wọn dé abẹ́ fèrèsé ìyá àgbà tí mò ń tọ́jú ní Woolwich. Ẹni ọdún 91 ni màmá yẹn, mò ń fi ṣíbí fún wọn ní pọ́ríìjì lọ́wọ́. Mo sín, mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo tún sín. Màmá ń sọ "bless you" tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rẹ̀ wọ́n, wọ́n wá na tíṣù sí mi. Mo sín tó ìgbà mẹ́rìnlá kí n tó lè dìde lọ ti fèrèsé. Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀, fámásì ni mo gbà lọ tààrà.

Ọmọkùnrin kan ló wà ní kóńtà, fóònù há sáàárín etí àti èjìká rẹ̀, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, hay fever ń yọ mí lẹ́nu, ojú, imú, gbogbo ẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú páálí kan, ó gbé e sórí kóńtà, ó ní ọ̀kan ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ó tọ́ka sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sanwó. Kò bi mí bóyá mò ń wa mọ́tò, kò bi mí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kò bi mí bóyá mo lóyún tàbí mo ní asthma, kò bi mí ní nǹkan kan rárá. Èmi tí mi ò lè fún màmá ní oògùn kan láìkọ́kọ́ wo ìwé, kí n wo àkókò, kí n fọwọ́ sí i!

Chlorphenamine ni oògùn yẹn. Ẹ má jẹ́ n purọ́, sísín yẹn lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo lo ọ̀kan ní aago márùn-ún àárọ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì 472, mo jókòó sí òkè, mo gbé orí lé gíláàsì. Ìgbà tí mo máa lajú, dírẹ́bà ló ń fọwọ́ gbá irin àga tó wà níwájú mi, a ti dé North Greenwich, òpin ọ̀nà, Woolwich ti wà lẹ́yìn tipẹ́. Ẹnu mi gbẹ táútáú, ẹsẹ̀ mi wúwo bí ẹni tí wọ́n dì lókùn. Mo fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ́. Nígbà tí mo wọlé, màmá ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àwọ̀sùn wọn ti tutù láti ìdí dé orúnkún, wọ́n di bíláńkẹ́ẹ̀tì mú sí àyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n bi mí bóyá nǹkan ṣe mí lójú ọ̀nà ni. Ọ́fíìsì fún mi ní kúẹ́rì, mo gbà á, ó tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n ojú màmá yẹn ni mi ò lè gbàgbé.

Mo mú páálí oògùn náà padà lọ. Ọmọkùnrin kan náà ni. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó yí páálí náà, ó fi ìka sí ibì kan, ó ní "Ó wà lára ẹ̀ níbí pé ó lè mú yín sùn." Lóòótọ́ ó wà níbẹ̀, lẹ́tà kéékèèké. Mo ní mo ti rí i, gbogbo oògùn ló ń kọ oríṣiríṣi nǹkan sára, ìwọ lo dúró sí kóńtà kí o lè bi mí. Ó gbé èjìká sókè. Ohùn mi ga, mi ò sẹ́, gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ló ń wo mi.

Ibẹ̀ ni bàbá kan ti jáde látẹ̀yìn gíláàsì níbi tí wọ́n ti ń ka oògùn. Ará Íńdíà ni, irun orí ti funfun, gíláàsì ojú rẹ̀ so mọ́ okùn lọ́rùn. Òun ni fámásíìsì gan-an. Ó gba páálí náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó ní "Ẹ má bínú. Ẹni tó dúró síbí ló yẹ kó bi yín." Kò fi kún un, kò wá àwáwí kankan. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan tí kò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, àga méjì péré, ó ní kí n jókòó.

Ogún ìṣẹ́jú ni bàbá yẹn lò pẹ̀lú mi, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lórí ìjókòó yẹn. Ó bi mí gbogbo ohun tí ọmọkùnrin yẹn ò bi mí, ó tún bi mí bóyá àyà mi máa ń fun tàbí kó máa súfèé tí mo bá ń mí, ó ní tírú ẹ̀ bá wà, kò yẹ kí n dúró lọ́dọ̀ òun, dókítà ni kí n lọ bá. Mo ní kò sí. Ó ṣàlàyé pé oògùn àtijọ́ ni èyí tí wọ́n fún mi, ó máa ń wọ inú ọpọlọ, ibẹ̀ ni oorun ti ń wá. Àwọn tuntun bíi cetirizine àti loratadine kì í sábà mú èèyàn sùn tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé cetirizine ṣì ń kun àwọn kan lóorun. Fexofenadine 120mg ló fún mi, ọ̀kan lóòjọ́, kí n tó jẹun, ó ní tẹ́lẹ̀ ìwé dókítà lèèyàn fi ń rí i. Ó wá ní omi lásán ni kí n fi gbé e mì, kì í ṣe júùsì ọsàn tàbí ti ápù, torí júùsì kì í jẹ́ kí ara gba oògùn yẹn dáadáa. Ohun tí mo máa ń fi gbé oògùn mì láràárọ̀ gan-an ni júùsì ọsàn!

Ó bi mí bóyá mo ti lo súpíréè imú rí. Mo ní mo ra ọ̀kan, kò ṣiṣẹ́, ó ṣì wà nínú báàgì mi. Ó ní kí n yọ ọ́, kí n fi bí mo ṣe ń lò ó han òun. Mo gbé orí sẹ́yìn, mo ki í bọ imú, mo tẹ̀ ẹ́, mo fà á símú pẹ̀lú agbára bí ìgbà tí àwọn àgbà bá ń fa aáṣáà. Bàbá ní "Ó ti lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Ṣé ó ń korò lẹ́nu?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọ̀fun lẹ ti ń fún lóògùn láti ọjọ́ yìí, imú ò rí nǹkan kan gbà.

Bó ṣe kọ́ mi rèé, torí ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bíi tèmi. Ẹ fun imú yín kó mọ́. Ẹ mi ìgò náà. Ẹ tẹ orí síwájú díẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ fi di súpíréè fún ihò imú òsì, ọwọ́ òsì fún ti ọ̀tún, kí ẹnu rẹ̀ lè dojú kọ apá etí, kó má ṣe kọjú sí egungun àárín imú, torí ibẹ̀ ló ti ń mú imú ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ mí símú wẹ́rẹ́ bí ẹni ń gbóòórùn òdòdó, kò gba ìfàsímú alágbára. Tẹ́ ẹ bá ṣe é dáadáa, ẹ ò ní tọ́ ọ wò lẹ́nu. Ó ní ojoojúmọ́ ni, ì báà jẹ́ pé ara yá yín, torí beclometasone, oògùn tó wà nínú súpíréè náà, kì í ṣe oògùn ojú ẹsẹ̀, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fi agbára hàn. Èmi ti lò ó lọ́jọ́ méjì tẹ́lẹ̀, mo sì ti dá a lẹ́jọ́.

Mo sọ fún un pé mo rò pé àwa àlejò nìkan ló ń ṣe, pé ara wa ò bá ilẹ̀ ibí mu. Ó ní rárá, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ John Bostock ló kọ nípa ara rẹ̀ ní 1819 pé gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ojú àti imú ń bá òun jà, àwọn gan-an ni wọ́n ti ń jìyà ẹ̀ tipẹ́. Ó ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í tètè ní in, ara gbọ́dọ̀ ti bá koríko ibí pàdé fún ọdún bíi mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Bó ṣe rí fún mi gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ó ní kí n máa fi Vaseline pa etí ihò imú kó lè mú pollen mọ́ ibẹ̀. Mo bi í bóyá òrí lè ṣe é, mo fi í hàn án nínú báàgì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rá ṣáà ni. Nílé wa, òrí la fi ń pa imú ọmọ tí imú rẹ̀ bá dí, inú mi dùn pé mo rí ohun tiwa lò. Ohun tí òun ò sọ tí mo fi ara mi mọ̀ ni ti irun: ẹni tó bá di braids ń gbé koríko wọlé, gbogbo ẹ̀ á wọ orí pílò. Mò ń wé gèlè kékeré jáde báyìí, mo sì ń wẹ̀ lálẹ́ kí n tó fẹ̀yìn lélẹ̀, mi ò sá aṣọ síta mọ́ láti May dé July.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo sun oorun àsùnjí. Mo jí, ẹnu mi pa dé, imú ni mo fi ń mí. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dárúkọ bàbá yẹn nínú àdúrà.

Kí n padà sí ṣọ́ọ̀bù náà ṣá, nítorí òun ni mò ń gbé yẹ̀ wò. Ọjà wọn wọ́n. Cetirizine tí wọ́n ń tà, mo rí irú ẹ̀ gan-an ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní owó tí kò tó ìdajì, oògùn kan náà, 10mg kan náà. Lọ́jọ́ Sátidé, aago kan ni wọ́n ń tì, àwa tá à ń ṣe ṣíìfù àárọ̀ ò lè bá wọn. Mo ra oògùn ojú, sodium cromoglicate, kò sẹ́ni tó sọ fún mi ní kóńtà pé tí mo bá ti ṣí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni, kí n dà á nù, bàbá ló tún sọ ọ́ nígbà tí mo padà lọ. Ìgbà kan ọmọkùnrin yẹn ní fexofenadine ti tán, mo sì ń wò ó lẹ́yìn orí rẹ̀ lórí pẹpẹ, mo tọ́ka sí i, ó gbé e fún mi láìsọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ mú mi lọ gba abẹ́rẹ́ hay fever lọ́dọ̀ àwọn kan tó ń ṣe ojú àti ètè lóge, pé ẹ̀ẹ̀kan ló ń gbà á lọ́dún. Bàbá ní kí n má dán an wò, steroid alágbára ni, ẹ̀ẹ̀kan tó bá ti wọ ara kò ṣeé fà yọ, ó lè sọ agbára ara láti bá àrùn jà di aláìlera, NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, kì í fúnni fún hay fever mọ́. Ó lè ta nǹkan mìíràn fún mi lọ́jọ́ yẹn, kò ta nǹkan kan.

Lọ́dún yìí, bó ṣe ní kí n ṣe, mo ti bẹ̀rẹ̀ súpíréè ní ìparí April, ṣáájú kí koríko tó yọ orí. Mo ṣì ń sín, pàápàá tí ẹ̀rọ káńsù bá dé, àmọ́ mo ń parí oúnjẹ màmá láìgbé ṣíbí sílẹ̀.

Máàkì mi: 2 nínú 5. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bi mí ìdí, lẹ́yìn gbogbo oore tí mo kà sílẹ̀. Kóńtà lèèyàn ń kọ́kọ́ bá pàdé, kóńtà ló fi màmá jókòó sínú aṣọ tútù fún ogójì ìṣẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ má gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níwájú, ẹ ní fámásíìsì lẹ fẹ́ rí, bàbá onígíláàsì olókùn. Kì í sí níbẹ̀ ní Wẹ́sìdeè.