Spéìn ni àbí Guatẹmálà? Ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó kíláàsì Spáníìṣì

Àǹtí kan tá a jọ ń tajà ní Tejúoṣó gbé ìwé pélébé méjì wá bá mi lọ́jọ́sí, ọ̀kan ní àwòrán etí òkun Barcelona, èkejì ní òkè tó ń yọ iná ní Guatẹmálà, ọmọ wọn obìnrin fẹ́ lọ kọ́ Spáníìṣì láàrin àwọn tó ń sọ ọ́, wọ́n ní èwo ni káwọn san. Torí pé mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní Salamanca ní Spéìn rí, wọ́n rò pé ojú ẹsẹ̀ ni màá dáhùn. Mo ní àǹtí, ẹ da ojú àwòrán yẹn délẹ̀ ná jàre. Kì í ṣe etí òkun lẹ fẹ́ rà. Wákàtí mélòó lọ́jọ́ ni ọmọ yín máa fi lanu sọ Spáníìṣì, ta ló sì máa dá a lóhùn tí kíláàsì bá ti tú, nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń náwó lé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n tètè mú Barcelona kúrò ńlẹ̀. Ìlú tó dáa ni o, àmọ́ Catalan, èdè míì tó yàtọ̀ sí Spáníìṣì, lọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ń sọ nílé, òun náà ló wà lára bọ́ọ̀dù ojú títì. Ó dà bíi kí òyìnbó wá kọ́ Yorùbá kó wá lọ gba yàrá sáàárín àwọn Ègùn ní Badagry. Wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń bá ara wọn ṣeré ńkọ́?

Salamanca ni tèmi. Ìlú kékeré, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín tán, akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ibẹ̀ torí látọdún 1218 ni yunifásítì wọn ti wà, Spáníìṣì wọn sì ń dún ketekete. Àmọ́ kíláàsì! Àwa mẹ́sàn-án la wà nínú tiwa, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́. Mo jókòó ṣírò ẹ̀ lọ́jọ́ kan: tíṣà gba ìdajì, àwa mẹ́sàn-án pín ìyókù, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́tàlá lọ tó kàn mí. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, owó àjọ odidi ọdún kan!

Ìyá onílé tí wọ́n fi mí sí lọ́dọ̀ ló gbà mí. Wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, aago mẹ́ta ọ̀sán là ń jẹun ọ̀sán, aago mẹ́wàá alẹ́ la tún ń jókòó ti tábìlì, ẹnu wọn ò sì dákẹ́. Wàhálà wa ò ju ti tú àti usted lọ. Ẹ mọ̀ pé usted ló jọ "ẹ" tiwa, tú ni "o". Màmá ní tú ni kí n máa pe àwọn, pé usted ń sọ àwọn di arúgbó. Háà, èmi ọmọ Mushin! Màá fi tú bẹ̀rẹ̀, tí mo bá dé àárín gbólóhùn ahọ́n mi á yí sí usted fúnra ẹ̀, wọ́n á kàn fi ṣíbí gbá tábìlì, kó, èmi náà á tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Orí tábìlì yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀-ìṣe, kì í ṣe inú kíláàsì.

Ní Guatẹmálà, ìyàwó ilé gan-an lè máa fi usted bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀, á tètè mọ́ ọmọ Yorùbá lára. Ibi tí wọ́n ti na Spéìn mọ́lẹ̀ ni pé tíṣà kan akẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n sábà máa ń ṣe, wákàtí mẹ́rin yẹn tìẹ nìkan ni, kò síbi tó o máa sá gbà, owó ẹ̀ sì tún kéré sí ti kíláàsì elérò ní Spéìn. Wọ́n máa ń kó ilé àti oúnjẹ pọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ti Sunday, torí ọ̀pọ̀ ilé kì í dáná fún àlejò lọ́jọ́ yẹn. Ìlú Antigua níbẹ̀ rẹwà, àmọ́ àwọn aláfẹ́ ti kún ibẹ̀, wọ́n á máa fi Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ lóhùn. Tó bá jẹ́ èmi, ìlú Quetzaltenango ni mo máa mú, Xela ni wọ́n ń pè é, ó ga ju mítà 2,300 lọ, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹ di súwẹ́tà. Àwọn tó ń sọ pé Spáníìṣì ibẹ̀ kì í ṣe ojúlówó, ẹ má dá wọn lóhùn, DELE, ìdánwò ìwé ẹ̀rí Spáníìṣì tí Spéìn ń ṣe, ò kọ̀ ọ́.

Owó ọ̀nà ló ń ba ti Guatẹmálà jẹ́. Ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ kàn yí ọkọ̀ òfurufú padà ní Madrid tàbí Paris gbọ́dọ̀ gba físà ìrékọjá, kódà tí ò bá jáde ní pápákọ̀, àfi tó bá ní irú físà Amẹ́ríkà tàbí Kánádà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bá sì gba Amẹ́ríkà kọjá, físà náà ni. Ti Spéìn rọrùn láti ṣírò: tí kò bá ju 90 ọjọ́ lọ, físà Schengen tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò ni, 90 yúrò, pẹ̀lú ínṣọ́ránsì tó tó 30,000 yúrò. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, físà akẹ́kọ̀ọ́ ni, wọ́n á fẹ́ rí 600 yúrò fún oṣù kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ máa lò. Wọ́n kọ̀ mí nígbà àkọ́kọ́ o. Owó físà lọ, éjẹ́ǹtì tó ń ṣe é fún mi ní Ìkẹjà náà wá fi ìlà tín-ín-rín kan hàn mí lẹ́yìn ìwé tí mo sáìnì, pé owó ìforúkọsílẹ̀ ò ṣeé dá padà. Ẹ ka ẹ̀yìn ìwé!

Ẹlòmíì á ní Kúbà ńkọ́, ṣebí wọ́n ń bọ Ṣàngó àti Yemọja níbẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ inú orin àti àdúrà ni Yorùbá wọn wà, ẹ ò lè fi ra búrẹ́dì. Wọ́n tún máa ń gbé s mì, estás á di etá, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á kàn máa wò. Lóṣù October 2024 iná gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń sá fún NEPA ẹ fọkàn sí i. Malabo ní Equatorial Guinea, lórí erékùṣù tí àwọn bàbá wa ń pè ní Fanandó Pó, ló sún mọ́ wa jù, Spáníìṣì ni wọ́n fi ń ṣèjọba, ṣùgbọ́n lọ́jà ẹ máa gbọ́ Pichi tó jọ píjìn wa, ẹ sì mọ ara yín, píjìn lẹ máa sọ títí ẹ fi máa padà sílé. CFA wọn pàápàá kì í ṣe ti Kùtọnu, ẹ má lọ ṣẹ́ ẹ lọ́dọ̀ àwọn àbókí Sẹ̀mẹ̀.

Tó bá jẹ́ torí ìwé ẹ̀rí lẹ ṣe fẹ́ lọ, DELE kì í kú, ọdún márùn-ún ni ti SIELE, ìdánwò Spáníìṣì míì, máa ń lò. Ìwé tí ilé-ìwé bá fún yín pé ẹ wá sí kíláàsì, ògiri páálọ̀ ló wà fún.

Àǹtí fi íméèlì béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Guatẹmálà pé ta ló ń gbé inú ilé tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ àwọn sí. Wọ́n fèsì pé ìyá kan, ọmọ méjì, àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà mẹ́ta. Àǹtí ti ní kí wọ́n wá ilé míì, àwọn á san kọ́bọ̀ lé e.