Bàbá oní-kámẹ́rà tó wá wo ògiri ilé wa ní ìdájí

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún bàbá tó wá fi kámẹ́rà tó ń fi àwọ̀ han ooru yẹ ògiri wa wò: ibi tó gbóná á pọ́n, ibi tó tutù á dúdú. Mà á sọ ibi tí ìkarùn-ún já sí.

Nǹkan bí ọdún 1935 ni wọ́n kọ́ ilé wa ní Manchester. Ìpele méjì ni ògiri rẹ̀: bíríkì níta, bíríkì nínú, àlàfo láàárín. Ẹni tó tà á fún wa búra pé wọ́n ti fún òwú tí kì í jẹ́ kí ooru jáde sínú àlàfo náà. Síbẹ̀, bí hítà bá kú ní aago mẹ́wàá alẹ́, kó tó di méjì ilé ti di fìríìjì. Èébu dúdú ń hù ní igun yàrá àwọn ọmọ. Bí ìyàwó mi ṣe ń fi Jik nù ún ló ń padà wá bí ẹni wá sin gbèsè.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ pè dé lọ́sàn-án gangan. Ó ya fọ́tò mẹ́rin, ó ní ògiri tó kọjú sí gúúsù ló ń jo ooru jáde. Oòrùn tó ti pa bíríkì láti àárọ̀ ni kámẹ́rà rẹ̀ rí o! Mo sanwó, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá òyìnbó tí mò ń sọ yìí yàtọ̀. Lórí fóònù ni wọ́n ti ní n má pa hítà mọ́jú, pé inú ilé gbọ́dọ̀ fi dígírí 10, ó kéré tán, gbóná ju ìta lọ, kí ògiri gbẹ, kí oòrùn má sì tíì yọ. Ní 5:30 ìdájí wọ́n ti dúró lójú títì, èmi náà da kóòtù bo aṣọ oorun. Nínú kámẹ́rà, ilé tó lẹ̀ mọ́ tiwa dúdú jẹ́ẹ́ (àbí wọ́n pa hítà ni?). Tiwa pọ́n yòò lábẹ́ òrùlé, láti igun dé igun.

Nínú ilé, ọ̀rọ̀ yí padà: ibi tó pọ́n níta ló dúdú. Yàrá jẹ́ dígírí 19, igun èébu yẹn jẹ́ 10. Ibẹ̀ ni èémí àwọn ọmọ ti ń di omi mọ́jú.

Ojú ògiri nìkan ni kámẹ́rà yìí ń kà, kì í rí inú rẹ̀. Bàbá bá gun àkàbà, wọ́n lu ihò kékeré sí símẹ́ńtì àárín bíríkì méjì, wọ́n ki kámẹ́rà mìíràn tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí wáyà wọlé, wọ́n ní kí n wá wò ó. Òkùnkùn, òwú aláǹtakùn, ègé símẹ́ńtì. Òwú tí wọ́n fún síbẹ̀ ti wọ̀ sísàlẹ̀ bí ti ìrọ̀rí àtijọ́.

Ìwé àbọ̀ wọn ló jẹ ìràwọ̀ kan. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan ló ní òṣùwọ̀n àwọ̀ tirẹ̀. Pupa inú ọ̀kan jẹ́ dígírí 6, ti èkejì jẹ́ 14. Ẹni tí kò bá ka nọ́ńbà tín-ín-rín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á kàn máa pariwo lásán. Mo tún béèrè U-value, nọ́ńbà tó ń sọ bí ooru ṣe ń gba ara ògiri jáde tó. Ògiri alálàfo tó ṣófo máa ń wà nítòsí 1.5, tí òwú bá wà níbẹ̀ dáadáa, á sún mọ́ 0.5. Wọ́n ní fọ́tò ò lè sọ ìyẹn, àfi kí wọ́n lẹ ẹ̀rọ mọ́ ògiri fún wákàtí 72 ó kéré tán, owó rẹ̀ sì yàtọ̀. Kí wọ́n ti sọ ọ́ lórí fóònù!

Mo ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn tó fún òwú náà. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. A ti fa bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ná.