Ìjù, Ìkòròdú àbí Mówè: ibo ni ìdílé lè gbé l'Ékòó láìjẹ gbèsè?

Bí ẹ bá ní kí ejẹ́ǹtì bá yín wá fúláàtì oníyàrá méjì tí owó rẹ̀ ò ga jù, ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń darí yín sí: ẹ̀gbẹ́ ojú irin láti Agége gba Ìjù dé Àgbàdo, Ìkòròdú, àbí àwọn ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn tó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn bíi Ìbàfọ̀ àti Mówè. Ojú ayálégbé tó lọ́mọ, tó sì gbọ́dọ̀ jáde lọ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ni mo fi wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àpọ́n tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú ilé lè fo ìdajì ohun tí mo kọ.

Owó ilé là ń kọ́kọ́ béèrè, òun náà ló sì ń tanni jẹ jù. Ká ní owó fúláàtì Mówè fi ₦400,000 dín sí ti Ìjù lọ́dún. Bí tọkọtaya bá jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yàbá, tí owó ọkọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan láti Mówè sì fi ₦1,000 ju ti Ìjù lọ ní àlọ, tó tún fi ₦1,000 jù ú lọ ní àbọ̀, ₦4,000 lójúmọ́ nìyẹn. Fún ọjọ́ iṣẹ́ 22, ó di ₦88,000 lóṣù. Lọ́dún, ó lé ní mílíọ̀nù kan. A ò tíì ka owó lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ tí ẹ máa san torí pé kò sẹ́ni tó máa tètè délé gba ọmọ.

Ìjù ló gbapò kìíní lọ́dọ̀ mi, rélùwéè ló sì fà á. Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Láti Àgbàdo, ó ń gba Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mùṣín àti Yàbá dé Oyìngbò, nǹkan bíi kìlómítà 27. Káàdì Cowry ni wọ́n ń fi wọlé, kì í ṣe owó ọwọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé epo dísẹ́ẹ̀lì ló ń lò, kì í ṣe iná mànàmáná bíi ti Blue Line tó ń ná Mile 2 sí Marina, ó sì ń bá ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn pín irin kan náà. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ Red Line ò fi ń tẹ̀ léra wọn bíi bọ́ọ̀sì BRT. Ẹ lọ sí ibùdókọ̀ náà, kí ẹ ya fọ́tò àkókò tí ọkọ̀ ń gbéra, pàápàá ti èyí tó kẹ́yìn lálẹ́, kó tó di pé ẹ sanwó ilé. Kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ibùdókọ̀. Bó bá gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, àbí tó jẹ́ kẹ̀kẹ́ Màrúwá méjì lẹ máa wọ̀, ẹ má torí rélùwéè gba ilé náà. Mo fún Ìjù ní 7 nínú 10.

Owó ilé Àgbàdo sábà máa ń rọlẹ̀ ju ti Ìjù lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ààlà ló wà. Ẹ béèrè bóyá abẹ́ Èkó ni ilé náà wà tàbí abẹ́ Ògùn, torí òfin ayálégbé Èkó kò dé Ògùn.

Ìkòròdú gba 6. BRT ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ibẹ̀ gba Mile 12, Kétu àti Maryland lọ sí TBS (Tafawa Balewa Square) ní Erékùṣù Èkó, nítorí náà ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà yẹn kò ní kábàámọ̀. Àmọ́ Ìkòròdú tóbi. Owútù àti Agric súnmọ́ títì. Bó bá jẹ́ Ìgbógbó tàbí Ìjẹ̀dẹ̀, ẹ ṣì máa wọ ọkọ̀ mìíràn kí ẹ tó rí BRT. (Ẹ má sì jẹ́ kí ejẹ́ǹtì fi Ẹ̀gbìn tàn yín. Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ iná tó lè pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320 wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iná yẹn kì í ya ilé aládùúgbò kó tó lọ.)

Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù lọ́nà Ìkòròdú ni omi odò Ògùn. Ajégúnlẹ̀ (ti ọ̀nà Ìkòròdú), Májídún, Agbóyì àti apá kan Kétu wà létí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣí dáàmù Ọ̀yán, tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ odò Ògùn, sílẹ̀, oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá ló ń le jù, omi lè wọlé lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn l'Ékòó. Nítorí náà, pé ilé gbẹ lẹ́yìn òjò oṣù Kẹfà kò tíì tó ẹ̀rí. Ẹ wo ara fẹ́ǹsì àti ẹsẹ̀ ògiri ilé tó yí i ká: ilà dúdú tàbí ọ̀dà tuntun tó dúró síbi orúnkún ló máa sọ bí omi ṣe ga tó.

Mówè àti Ìbàfọ̀? 4 péré fún ẹni tó ń lọ sí Yàbá tàbí Erékùṣù. Ilé ibẹ̀ láyè, ọmọ á rí ibi sáré. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn ń gbà, bí tírélà kan bá sì dábùú, ọjọ́ ti bàjẹ́. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí ìsìn ń wáyé ní àgọ́ Rìdẹ́ḿpṣọ̀n tó wà lójú ọ̀nà náà, ẹ tètè kúrò níbi iṣẹ́. Bó bá jẹ́ Bẹ́gà tàbí Alausa lẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fi máàkì méjì kún un.

Ibi yòówù kó jẹ́, ẹ má bi ejẹ́ǹtì bóyá iná wà. Ẹ tọrọ rìsíìtì kádìí iná tí aládùúgbò rà gbẹ̀yìn. Band (ìpele iná) tí àdúgbò wà máa ń wà lára rẹ̀. Band A yẹ kó rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Láti oṣù Kẹrin 2024 ni yúnìtì Band A ti kọjá ₦200, nítorí náà ilé tó ń jó yúnìtì 200 lóṣù á san ju ₦40,000 lọ. Kí ẹ gba nọ́ńbà mítà lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná, kí wọ́n wò ó bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀. Bí ayálégbé àná bá jẹ wọ́n, owó kádìí tiyín ni wọ́n á máa yọ ọ́ nínú.

Omi náà ńkọ́? Ẹ pọn ún sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, kó di ọjọ́ kejì. Bó bá pọ́n, irin wà nínú rẹ̀, aṣọ ilé ìwé ọmọ kò sì ní funfun mọ́. Ẹ béèrè mítà ta ni ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè ń lò.

Lórí owó: ilé ₦800,000 kì í ṣe ₦800,000. Ejẹ́ǹtì á gba 10%, àgírímẹ́ǹtì 10%, ká tún ní káṣọ̀n jẹ́ ₦100,000. Ó di ₦1,060,000. Òfin ayálégbé Èkó ti 2011 kò gba lándílọ́ọ̀dù láyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àfi ní Apápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island tí òfin náà kò kàn. Ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ló jẹ̀bi, owó ìtanràn sì ni ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ṣì ń béèrè ọdún méjì. Ẹ gba rìsíìtì káṣọ̀n lọ́tọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n á dá a padà. Kí ẹ sì san owó ilé sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó buwọ́ lu àgírímẹ́ǹtì.