MacBook oníbọ́tìnnì labalábá: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó sanwó

Bí ẹ bá rí MacBook tòkúnbọ̀ tó rẹwà, tí owó rẹ̀ wálẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ dà á dojú bolẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà wínníwínní tó wà nídìí rẹ̀. A1534, A1706, A1707, A1708, A1989, A1990, A2159, A1932: kíbọ́ọ̀dù labalábá (ìkọ́ abẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀ rí bí ìyẹ́ labalábá) tí Apple lò láti 2015 títí di 2019 ló wà lára gbogbo wọn. Ó dùn ún tẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ kì í mì. Síbẹ̀, n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó rà á lónìí.

Bọ́tìnnì náà kì í wọlé ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ, àyè abẹ́ rẹ̀ sì há débi pé eruku bíńtín lè dí i. Ẹ óò tẹ “e” lẹ́ẹ̀kan, méjì á jáde; ẹ óò tẹ spacebar, ọ̀rọ̀ méjì á ṣì lẹ̀ mọ́ra. Ní 2018 wọ́n tẹ́ awọ sílíkóònù sábẹ́ bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n nígbà tó di 2019, Apple fúnra wọn fi àwọn ẹ̀rọ 2018 náà kún ètò àtúnṣe ọ̀fẹ́.

Oṣù kẹfà 2018 ni ètò yẹn bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́rin ló sì fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tà á. Àǹfààní ńlá ni nígbà náà: ìṣó kéékèèké ni wọ́n fi kan kíbọ́ọ̀dù mọ́ páànù òkè (ara ẹ̀rọ tó yí kíbọ́ọ̀dù ká), lára àwọn MacBook Pro, gọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi lẹ bátìrì mọ́ páànù kan náà, nítorí náà tí wọ́n bá pààrọ̀ odidi páànù, ẹ ti gba bátìrì tuntun nìyẹn. Ọ̀pọ̀ jù lọ tòkúnbọ̀ tó wà lọ́jà ti kọjá àsìkò yẹn. Atúnkọ̀ǹpútàṣe tó bá fẹ́ pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù nìkan gbọ́dọ̀ já àwọn ìṣó yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fi síkúrù rọ́pò wọn. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹni tó bá kánjú ṣe é, àárín kíbọ́ọ̀dù á máa rì bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́.

Ní Computer Village, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà kán yín lójú. Nínú Settings, ẹ fa Key Repeat (ohun tó ń mú lẹ́tà jáde léraléra bí ẹ bá di bọ́tìnnì mọ́lẹ̀) sí Off, ẹ ṣí TextEdit, ìyẹn ibi ìkọ̀wé inú Mac, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí méjì bá ṣì ń jáde, bọ́tìnnì ló bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ti gbóná díẹ̀ ná, torí àwọn kan wà tí kì í ṣe jàǹbá nígbà tí ara wọn tutù.

Ẹni tó ti ní i nílé: ẹ gbé e nàró bí ìwọ̀n dígírì 75, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ inú agolo sí i láti òsì lọ sí ọ̀tún, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ tún fẹ́ ẹ, kí ẹ wá ṣe ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ yọ bọ́tìnnì. Ìkọ́ abẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ ṣẹ́, pàápàá ti spacebar. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Unshaky ń dá lẹ́tà tó ń jáde lẹ́ẹ̀mejì dúró, ṣùgbọ́n kò lè jí bọ́tìnnì tó ti kú.

Bí owó yín bá lè gùn sí i, A2337, ìyẹn MacBook Air M1, ni kí ẹ wá. Bọ́tìnnì alùmọ́gàjí ló ní, ó sì ń wọlé tó mìlímítà kan.