Síléètì àbí Perkins fún ọmọ afọ́jú tó ń bẹ̀rẹ̀ ìwé?

Nílé-ìwé ìjọba n'Íbàdàn, owó ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Síléètì Bréèlì, férémù tó ń di bébà mú láti fi kọ Bréèlì (ìwé alámì wíwú tí afọ́jú ń fi ìka kà), àti stylus rẹ̀, ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń gún bébà, kò wọ́n, wọ́n sì fúyẹ́ nínú báàgì. Perkins, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ Bréèlì, gbówó lórí, ó sì wúwo tó bíi kílò 5.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ ọmọ náà. Lórí síléètì, ẹ̀yìn bébà ló ń gún, láti ọ̀tún sósì, gbogbo lẹ́tà lódìlódì. Ibẹ̀ ni wàhálà wà: tó bá gbàgbé, "e" á di "i", "d" á di "f", kò sì ní mọ̀ títí yóò fi yọ bébà tó sì yí i padà. Perkins ní bọ́tìnnì 6 fún àmì 6 tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà Bréèlì; bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni àmì ń wú sókè, ó lè kà á lójú ẹsẹ̀. Àfi tí àwọn ìka ò bá balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́tà kan á di méjì.

Bébà ìwé àjákọ fẹ́lẹ́ jù fún méjèèjì. Ẹ wá èyí tó nípọn. Eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá Perkins, nítorí náà ẹ máa bò ó.

Ní tiwa, Perkins ni ká fi bẹ̀rẹ̀, kí síléètì wọlé ní kíláàsì kẹta. Ta ló fẹ́ máa gbé kílò 5 wọ máíkírà láti Mọ́kọ́lá lójoojúmọ́?